Fìlà Bàbá Ólífà

Agric, Ìkòròdú.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024.

Bólúwají ọmọ mi,

Ṣé òtútù ìlú òyìnbó kò tíì gbé ọ mì? Àwa wà láàyè níbí. Mo kí ọ kú ọdún tuntun, mo sì kí ọ kú Kérésì tí o kò wá ṣe nílé, ẹ̀ẹ̀karùn-ún rẹ̀ rèé. Fọláwùmí ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá mi kọ ìwé yìí, nítorí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ó ti Ẹ̀pẹ́ dé lánàá, níbi tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé nígbà tí kò tíì bí tirẹ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Fọláwùmí, má fò ó.

Má bi mí pé kí ló dé tí n kò fi tẹ̀ ọ́ láago. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kò ṣeé mú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́tà rẹ ni mo máa ń gbé sínú báàgì, kí àwọn tí ọmọ wọn ń ta káàdì ní ibùdókọ̀ Benson lè rí ohun tí dókítà kọ sí ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ yóò ya àwòrán eléyìí ránṣẹ́ sí orí fóònù rẹ. Kí ìwọ náà kọ tìrẹ, kí ó lọ tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi ní Itamaga.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti dà bí èyí tí mo yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ mi láàárín ọjà, n ó máa lọ, ẹlòmíràn ni yóò mú un sáré tẹ̀lé mi. Bí mo bá jókòó pẹ́ nídìí òwú àti bọ́tìnì tí mò ń tà, àfi kí Tàjùdéèn tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì fà mí dìde. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn àdúgbò, Sìlífátù, wá yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ó ní àìsàn ṣúgà ló wọ̀ mí lára tó ń jẹ iṣan ẹsẹ̀ mi, pé kí n máa gún abẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo bi í pé ọmọ ibo ni. Ó ní ọmọ Ẹ̀pẹ́, ẹja ni bàbá òun ń pa. Mo ní kí ó padà lọ máa ha ìpẹ́ ẹja, ọmọ tèmi ń ṣe dókítà ní Leeds, bí kò bá sì tíì sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ kàn mí. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, Dókítà, sọ̀rọ̀. Etí mi ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ.

Èmi ni,
Ìyá Dókítà.

Bólú, èmi Fọláwùmí ni mo ń kọ èyí sísàlẹ̀. Mo ti ka tòkè sétí wọn tán, wọ́n ní ó dára. Èyí n kò ní í kà. Ṣé o rí bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí i? Èmi ni àkọ́bí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè wọ́n ní Ìyá Fọláwùmí lónìí, wọn kì í dá a lóhùn. Ìyẹn kò dùn mí mọ́. Èyí tó ń dùn mí ni pé ìwọ àti èmi mọ iṣẹ́ tí ò ń ṣe. Àgò ajá àti ológbò lò ń fọ̀ nílé ìwòsàn ẹranko, ò ń di ẹranko mú kí dókítà wọn lè gún un lábẹ́rẹ́. Ìwọ lo sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ẹkún lọ́dún kẹta sẹ́yìn, mo sì pa á mọ́ fún ọ. Orúkọ rẹ ni Màmá wá fi ń kọ̀ láti gba abẹ́rẹ́ báyìí. Sọ òótọ́ fún wọn.


Leeds.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì, ọdún 2024.

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ibi tí mo wà. Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n wálé, kì í ṣe pé mo gbàgbé yín.

Ẹ gún abẹ́rẹ́ náà. Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì yẹn sọ. Kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti aláìsàn kan tó wà lọ́wọ́ mi. Ólífà ni orúkọ rẹ̀, ó ti dàgbà. Àìsàn tó ń ṣe yín gan-an ló ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, kò lè nàró dáadáa, gìgísẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, bó bá rìn díẹ̀, á jókòó. Ó ń mu omi bí ẹni tí iná ń jó nínú rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lábẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wákàtí méjìlá láàárín wọn, lẹ́yìn tó bá ti jẹun. Bí kò bá jẹun, a kì í gún un. A gba oúnjẹ oníyẹ̀fun lẹ́nu rẹ̀, ẹran àti ẹja ló ń jẹ. Ilẹ̀ onítáìsì ń yọ̀ ọ́, nítorí náà a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láti ibi tó ń sùn dé ibi oúnjẹ rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo máa ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, n ó nà án, n ó ká a. Èmi fúnra mi ni mò ń ṣe é. Kì í yá lọ́sẹ̀ kan, Màmá, oṣù ló máa ń gbà.

Ẹ ṣe bí Ólífà. Kí ẹ sì máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ yín wò lójoojúmọ́, nítorí ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́, kò lè pariwo bí nǹkan bá ṣe é.

Ọmọ yín,
Bólúwají.

Ẹ̀gbọ́n mi, ojú ìwé yìí tiyín nìkan ni, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde. Ológbò ni Ólífà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ìyá arúgbó tó ni ín kò lè máa gún un, ló ṣe fi í sọ́dọ̀ wa. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ló rọ, bí ehoro ló ṣe ń tẹlẹ̀. Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo kọ, kìkì pé n kò sọ irú ẹ̀dá tó jẹ́. Bí mo bá sọ fún Màmá pé àgò ẹranko ni mò ń fọ̀, ìtìjú ni yóò pa wọ́n kí ṣúgà tó pa wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ ná. Ṣebí ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn?


Agric, Ìkòròdú.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹta, ọdún 2024.

Dókítà ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Ólífà, mo kí gbogbo àwọn tó ń bá ọ ṣiṣẹ́. Lẹ́tà rẹ dé. Ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dé Benson, ó ti dé ọwọ́ ìyàwó Alàgbà Adélàjà tó máa ń wò mí bí ẹni pé mo jí ọmọ gbé. Ó kàn ń yí ìwé náà síwá sẹ́yìn.

Mo ti ń gún abẹ́rẹ́. Sìlífátù ló ń yà wá gún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo fi lẹ́tà rẹ hàn án. Ó kà á tán, ó ní, "Ìyá, ohun tí mo sọ fún yín náà kọ́ nìyí?" Mo ní òun náà ni, ẹnu tó sọ ọ́ ló yàtọ̀. Mo fi ẹ̀bà sílẹ̀, mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láti yàrá dé ìdí tábìlì, oògùn náà sì wà nínú ike tí mo sọ sínú àmù kí ó lè máa tutù, nítorí iná tí kì í wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rìn dé ẹnu géètì láìdi ògiri mú.

Ẹjọ́ kan wà tí mo ní í bá ọ rò. O ní Ólífà ti dàgbà, o sì ń la orúkọ mọ́ ọn lórí bí ẹgbẹ́ rẹ. Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Bàbá Ólífà ni kí o máa pè é. Ta ni ìyàwó rẹ̀? Ọmọ mélòó ló bí? Ṣé wọ́n ń wá wò ó, àbí ọmọ bíi tèmi ni wọ́n? A ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo Ọjọ́rú ni a ń dárúkọ rẹ̀, tí ìjọ ń ṣe àmín.

Mo rán fìlà kan fún un. Fọláwùmí ló ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ìyẹn náà ni ìwúlò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fi rán an láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Aṣọ òkè tó kù nínú ti ìgbéyàwó mi ni. Aisha àbúrò Tàjùdéèn ń bọ̀ wá kàwé lọ́hùn-ún, ó bá mi gbé e. Kí Bàbá Ólífà dé e, kí o ya fọ́tò rẹ̀ fún mi.

Èmi ni,
Ìyá Dókítà.

Bólú, wọ́n ń rìn dáadáa sí i lóòótọ́. Mo gbà fún ọ. Ṣùgbọ́n ológbò ni wọ́n ń gbàdúrà fún nínú ṣọ́ọ̀ṣì, èmi tí mo mọ̀ sì ń ṣe àmín lórí ìjókòó iwájú. Aṣọ òkè ìgbéyàwó wọn yẹn, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án rí láti kékeré. Tètè wá bí wàá ṣe jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí.


Leeds.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún, ọdún 2024.

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́, ẹ kú àdúrà. Aisha gbé fìlà náà pàdé mi ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ó bá Bàbá Ólífà mu rẹ́gí. Wọ́n dúpẹ́ púpọ̀. Wọn kì í fẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò àwọn ni.

Màmá, ẹ bá mi yọ̀! Bàbá Ólífà ti rìn! Ní ọjọ́ Ẹtì kan lóṣù tó kọjá mo ṣílẹ̀kùn, mo bá wọn lórí àga, àwọn fúnra wọn ni wọ́n gùn ún. Gìgísẹ̀ wọn ti kúrò nílẹ̀. Ọ̀gá wa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ṣúgà ti wálẹ̀, ó ní kí a dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró. Oṣù mẹ́ta péré! Ó di ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti gún wọn gbẹ̀yìn, wọ́n sì ń rìn káàkiri. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n ní ọwọ́ mi ló ṣe é. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n pè mí síwájú láti yìn mí. Inú mi dùn débi pé mo sunkún nínú ilé ìyàgbẹ́.

Ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹsẹ̀ tiyín náà á padà.

Ọmọ yín,
Bólúwají.

Ẹ̀gbọ́n mi, ara ológbò ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tètè tọ́jú rẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn máa ń bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ pátápátá. Ti Màmá kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdùnnú ló mú mi kọ ọ́. Bí ẹ bá ń kà á fún wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo ibi tí mo ti ní a dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró.


Agric, Ìkòròdú.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje, ọdún 2024.

Dókítà tó ń gbé arọ dìde,

Mo kí ọ títí, ẹnu mi kò gbà á tán. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni a ṣe ìdúpẹ́ Bàbá Ólífà. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi jó dé iwájú pẹpẹ. Pásítọ̀ ní kí gbogbo ìjọ na ọwọ́ sí ìhà Leeds, wọ́n nà án. Ìyàwó Alàgbà Adélàjà na tirẹ̀ bí ẹni tí apá ń ro.

Èmi náà ti dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró. Bí oṣù mẹ́ta bá tó Bàbá Ólífà tó jẹ́ òyìnbó, ó tó èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn. Mo gún tèmi ju oṣù mẹ́ta lọ, ìyókù jẹ́ èènì. Sìlífátù dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń pariwo pé n ó kú. Mo da omi ìfọṣọ sí i lẹ́sẹ̀. Ó gbọn bàtà rẹ̀, ó ní òun á máa yà wò mí bó ti wù kó rí. Ọmọ tí kò nítìjú ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ náà sọ ohun kan lánàá. Ó ní ológbò ni Bàbá Ólífà, pé ìwọ kì í ṣe dókítà. Mo gbá a létí. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì tí kò rí ọkọ fẹ́, tó wá ń bínú àbúrò rẹ̀ tí Ọlọ́run gbé ga! Kọ ọ́, Fọláwùmí, jẹ́ kí ó mọ irú ẹni tí mò ń bá gbé.

Fọ́tò tí mo béèrè ńkọ́? Kérésì yìí ńkọ́?

Èmi ni,
Ìyá Dókítà.

Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ní kí n kọ ọ́, Bólú. Láàárọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀bù, mo rí píìnì kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún wọn, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn aránṣọ. Ó ti wọlé tán, orí rẹ̀ nìkan ló kù níta. Mo fà á yọ. Àwọn àti oníbàárà ṣì ń na ọjà lọ́wọ́, wọn kò tilẹ̀ dákẹ́. Ojú ibẹ̀ ti dúdú yí ká, n kò sì mọ iye ọjọ́ tí píìnì náà ti wà níbẹ̀. Kọ̀wé lónìí. Gbólóhùn kan péré ni: ológbò ni Ólífà. Bí ó bá ti ẹnu mi jáde, wọ́n á ní ìlara ni. Ọwọ́ rẹ nìkan ni wọ́n lè gbà á.


Agric, Ìkòròdú.
Ogúnjọ́, oṣù keje, ọdún 2024.

Bólúwají,

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Àmì búlúù méjèèjì ti hàn lórí fóònù mi láti wákàtí tí mo fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́, nítorí náà o ti kà á. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, o kò gbé e.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti wú, ó sì ń rùn. Màmá ní eku ló kú sábẹ́ àga, pé kí n wá a. Mo wá a. Mo kúnlẹ̀, mo ń fi ọwọ́ wá eku tí kò sí lábẹ́ àga, kí wọ́n má baà tún gbá mi létí. Àwọn jókòó sórí àga náà, wọ́n ń tọ́ka ibi tí òórùn ti ń wá sí mi.

Sìlífátù ní kí a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lónìí. Màmá ní àfi kí ìwọ fọwọ́ sí i. Bólú, fọwọ́ sí i.

Fọláwùmí.


Leeds.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ, ọdún 2024.

Màmá mi,

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dáhùn, iṣẹ́ ló bò mí mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ yín wú. Ẹ tẹ̀lé nọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, mo fọwọ́ sí i. Kí ẹ sì padà sídìí abẹ́rẹ́, nítorí Bàbá Ólífà náà ti padà sídìí rẹ̀. Àìsàn yẹn tún ti yí padà dé, ẹsẹ̀ wọn tún ti ń wọ́ nílẹ̀. Àṣìṣe ni pé a dá a dúró. Ẹ má ṣe irú rẹ̀.

Ọmọ yín,
Bólúwají.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo kọ òótọ́ náà, tí mo fà á ya. Ólífà kò ṣàìsàn kankan. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó wà lójú fèrèsé níbi iṣẹ́ wa, ó ń yá oòrùn. Ṣùgbọ́n irọ́ ló mú Màmá gún abẹ́rẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, irọ́ náà ni yóò mú wọn padà sídìí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, n ó sọ gbogbo rẹ̀.


Ilé ìwòsàn, Ìkòròdú.
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 2024.

Bólúwají,

Wọ́n ti gé e. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, láti ìsàlẹ̀ orúnkún.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún Màmá ní ọjọ́ tó dé. O rò pé wọ́n á padà sídìí abẹ́rẹ́. Wọ́n ní ìjọ ni kò nígbàgbọ́ tó, pé apá ìyàwó Alàgbà Adélàjà tí kò nà tán ló dá àìsàn Bàbá Ólífà padà. Wọ́n ní bí ara rẹ̀ kò bá tíì yá, àwọn kò lọ sí ilé ìwòsàn kankan. Ni wọ́n bá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún un láìjẹ láìmu, wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ra. Mo bẹ̀ wọ́n, Tàjùdéèn bẹ̀ wọ́n láti ojú fèrèsé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, a gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ ológbò náà, ahọ́n wọn ń lọ́, lẹ́yìn náà a kò gbọ́ nǹkan mọ́. Tàjùdéèn fi èjìká já ilẹ̀kùn. A bá wọn nílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì tí o ní kí wọ́n tẹ́. Sìlífátù tí wọ́n da omi ìfọṣọ sí lẹ́sẹ̀ ló pọ̀n wọ́n sẹ́yìn dé títì.

Nígbà tí ojú wọn là díẹ̀, dókítà ní kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ. Màmá ní, "Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ mi, dókítà ni." Dókítà náà wò mí, ó ní ṣé lóòótọ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé o ti gbà kí wọ́n gé e. Nígbà náà ni Màmá tẹ̀ka.

Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Lẹ́tà rẹ ti oṣù karùn-ún, níbi tí o ti ní ẹ dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró, mo rí i pé o ní kí n fò ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, Màmá sọ fún mi níwájú oníbàárà pé bí àwọn bá ti mọ̀ pé ìwọ ni wàá lọ, tí èmi máa ṣẹ́kù sílé, ìwọ nìkan ni àwọn ì bá bí. Nígbà tí mo kàwé dé ibẹ̀, mo kà á ketekete. Wọ́n ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Mo fẹ́ kí wọ́n tẹ̀lé dókítà wọn dé ibi tó bá ń mú wọn lọ. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ jìnnà tó báyìí, mo búra, ṣùgbọ́n mo kà á.

Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé wọn lọ tí wọ́n bá dá wa sílẹ̀. Lánàá wọ́n bi mí bóyá Bàbá Ólífà ti gbádùn.

Fọláwùmí.


Leeds.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024.

Màmá,

N kò mọ bí n ó ṣe kí yín. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ka gbogbo rẹ̀ láìfo ọ̀rọ̀ kan.

N kì í ṣe dókítà, n kò sì ṣe é rí. Ilé ìwòsàn ẹranko ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àgò ni mò ń fọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo sọ fún yín pé mo ti rí iṣẹ́ nílé ìwòsàn. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di dókítà, ẹ sì sọ ọ́ fún gbogbo Agric kí n tó la ẹnu. Mo jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó dùn mọ́ mi bí ẹ ṣe ń pè é.

Ológbò aláwọ̀ eérú ni Ólífà. Ó ti padà sílé olówó rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Fìlà yín wà nínú àpótí mi. N kò fi dé ẹnikẹ́ni rí.

N ó wálé ní Kérésì. Ẹ jẹ́ kí n wá dọ̀bálẹ̀ níwájú yín.

Bólúwají.


Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Bólúwají,

Mo kí ọ. Sìlífátù ló ń bá mi kọ eléyìí. Ó wá kí bàbá rẹ̀ níbí, ló bá yà wá wẹ egbò mi. Òórùn ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀. Ó ní ṣé kí òun kọ ìyẹn náà, mo ní kí ó kọ ọ́.

Mo ní kí Fọláwùmí ka lẹ́tà rẹ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó kà á tán, ó sì jẹ́wọ́ tirẹ̀ fún mi. Ọmọ méjì péré ni mo bí, ẹ pín ẹsẹ̀ mi láàárín ara yín. Oṣù méjì gbáko ni mo fi wá ohun tí n ó sọ sí ọ. Mo fẹ́ fi ọ́ ré, mo rí i pé ẹni tí yóò bá fọmọ ré, orí ìdúró ló yẹ kó wà. Sìlífátù ń rẹ́rìn-ín bí ó ṣe ń kọ ìyẹn. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Òtítọ́ ni ọmọbìnrin yìí gbé wá sẹ́nu ọ̀nà mi lójoojúmọ́, mo dami sí i lẹ́sẹ̀. Tèmi nìyẹn nínú ẹ̀bi náà, n kò ní í fún ọ ní èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Má wá ní Kérésì. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Agric ṣì ń bi Tàjùdéèn bóyá Dókítà ti gbọ́ ohun tó ṣe ìyá rẹ̀. Bí o bá dé, n ó ní láti fi ọ́ hàn wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n máa kí Dókítà lọ. Ọmọ dáadáa ni, ó máa ń kọ̀wé sí ìyá rẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ ju ìwọ lọ.

Má dá fìlà yẹn padà. Mo rán an fún ẹni tó ń ṣàìsàn, ó sì ṣàìsàn lóòótọ́. Gbé e fún olówó ológbò náà.

Ológbò pọ̀ níbí, létí ibi tí wọ́n ti ń já ẹja kúrò nínú ọkọ̀. Fọláwùmí máa ń gbé mi jókòó síta kí ó tó lọ síléèwé, mo sì máa ń wò wọ́n. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ẹ̀rọ ọkọ̀ gé ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ó ń rìn. Lánàá ó fò sórí apẹ̀rẹ̀ ẹja bàbá Sìlífátù, ó gbé ọ̀kan, wọ́n lé e, wọn kò bá a.

Mò ń gún abẹ́rẹ́ mi. Wọ́n fún mi ní igi méjì tí n ó máa fi rìn, wọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, n kò tíì fọwọ́ kàn wọ́n. Gbogbo ènìyàn ń sọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe fún mi. Ìwọ ni mo fẹ́ bi. Bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ ológbò, kí ni ẹ máa ń ṣe fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó fi ń gbà láti dìde? Iṣẹ́ rẹ nìyẹn, o mọ̀ ọ́n. Má pè é ní bàbá ẹnikẹ́ni. Kọ ọ́ bó ṣe rí, ti ológbò gan-an. Fọláwùmí yóò kà á fún mi, kò ní í fo nǹkan kan.

Mò ń retí rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá Fọláwùmí.